Ìdí tí téèpù ìpamọ́ fi ń kún kí ó tó gba iye tí a kọ sí páálí rẹ̀

Ẹni tí ó bá ra téèpù DDS-4, ìyẹn irú téèpù kan tí a fi ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì kọ̀ǹpútà, tí ó rí 40 GB tí a kọ gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀, tí ó wá ní kí ẹ̀rọ téèpù rẹ̀ tọ́jú ẹ̀dà fáìlì tí kò ju 30 GB lọ, tí ẹ̀rọ sì dá iṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà pé téèpù ti kún, kò ní ṣàì rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí ni pé ìfúnpọ̀ dátà (ìyẹn mímú kí dátà kéré kí ó lè gba àyè díẹ̀) tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, tí ó jẹ́ pé iye orí páálí ni ó ń sọ ohun tí téèpù nìkan kò lè mú ṣẹ. Kí ènìyàn tó tú ẹ̀rọ palẹ̀, tàbí kí ó tó lọ ra òmíràn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ara ẹ̀rọ ni àìsàn náà wà, tàbí inú dátà tí a ń fún un jẹ.

Iye méjì ni ó máa ń wà fún téèpù irú èyí. Àkọ́kọ́ ni àyè gidi, ìyẹn iye dátà tí ojú téèpù lè gbà bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, láìfún un pọ̀ rárá. Èkejì ni àyè àfojúdá, tí àwọn tí ó ṣe téèpù ṣírò nípa gbígbà pé ẹ̀rọ yóò lè fún dátà pọ̀ títí yóò fi dín sí ìdajì. Ẹ jẹ́ kí a wo DDS, DLT, LTO àti AIT, tí wọ́n jẹ́ irú téèpù ìpamọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. DDS-3 ní àyè gidi 12 GB, wọ́n sì tà á gẹ́gẹ́ bí 24 GB. DDS-4 ní 20 GB, a ń pè é ní 40 GB. DLT 8000 ní 40 GB, a ń pè é ní 80 GB. LTO àkọ́kọ́, tí ó jáde ní ọdún 2000, ní 100 GB, a ń pè é ní 200 GB. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé àfojúdá lásán ni iye kejì yìí, kí ó wo AIT-2, tí àyè gidi rẹ̀ jẹ́ 50 GB ṣùgbọ́n tí a kọ 130 GB sí i lára, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é yàn láti sọ 50 di púpọ̀ ní ìlọ́po 2.6 dípò ìlọ́po méjì. Àwọn onílé-iṣẹ́ LTO náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí ó yá: LTO-5 tí àyè gidi rẹ̀ jẹ́ 1.5 TB (TB kan jẹ́ 1,000 GB) ni a pè ní 3 TB, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan LTO-6, tí àyè gidi rẹ̀ jẹ́ 2.5 TB, 6.25 TB ni wọ́n kọ, nítorí pé ìlọ́po méjì ti di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ní tèmi, iye kékeré ni ó yẹ kí a máa kọ ní lẹ́tà ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọjà ṣe ń rí.

Kí a tó wá ibi tí ìṣòro wà, ó dára kí a mọ ohun tí ìfúnpọ̀ dátà ń ṣe gan-an. Iṣẹ́ tí Abraham Lempel àti Jacob Ziv gbé jáde ní ọdún 1977 àti 1978 ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ téèpù ń lò. Bí dátà ti ń wọlé, ẹ̀rọ á máa rántí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Nígbà tí ó bá tún rí ọ̀wọ́ lẹ́tà kan náà, kò ní kọ ọ́ ní àkọtán mọ́, àmì kúkúrú kan ni yóò kọ tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí a ti kọ ní ibi báyìí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ báyìí, ni ó tún padà wá. Ìwé ìṣirò owó tí orí ìlà rẹ̀ kan náà ń padà wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà yóò sún kì gidigidi, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a nílò láti kọ orí ìlà náà ní kíkún. Ohun tí kò bá ní àsọtúnsọ nínú kò ní ibi tí a lè dì mú. Gbogbo èyí kò sì sọ ohunkóhun nù: nígbà tí a bá ka téèpù padà, ẹ̀rọ á tú àwọn àmì náà, fáìlì á sì padà bọ̀ sípò láìyẹ̀ lẹ́tà kan.

Ibí yìí ni ọ̀ràn ti máa ń dojú rú fún àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ pé téèpù kan náà, nínú ẹ̀rọ kan náà, máa ń gba fáìlì púpọ̀ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, àti pé ó dájú pé nǹkan kan ti yí padà. Òótọ́ ni pé nǹkan ti yí padà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ̀rọ. Ìwé tí a fi Word kọ ṣáájú ọdún 2007 kún fún àlàfo àti àsọtúnsọ tí ẹ̀rọ téèpù lè fún pọ̀ dáadáa. Láti ìgbà Office 2007 ni fáìlì docx àti xlsx ti jẹ́ àpò ZIP fúnra wọn, ìyẹn ni pé a ti fún wọn pọ̀ kí wọ́n tó dé iwájú téèpù. Àwòrán JPEG, orin MP3, fídíò MP4 àti gbogbo ohun tí orúkọ rẹ̀ parí sí gz tàbí zip, bákan náà ni. Aṣọ tí a ti fún omi rẹ̀ dànù títí tí kò fi kán mọ́, kò sí bí a ṣe lè tún un fún tí omi mìíràn yóò jáde. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú àwòrán àti fídíò sórí téèpù kò gbọdọ̀ retí ju àyè gidi lọ, bí ó ti wù kí ìfúnpọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ tó.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń fẹ́ kí ènìyàn dáhùn ni pé, ibo gan-an ni téèpù ti kún? Ìdáhùn yẹn nìkan lè pín ọ̀ràn sí ọ̀nà méjì. Bí téèpù DDS-4 bá gba nǹkan bí 20 GB kí ó tó kún, yálà ìfúnpọ̀ kò sí ní títàn, tàbí dátà náà kò ṣeé fún pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kún ní 14 GB tàbí ní 11 GB, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìfúnpọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kọ́ ni ó fà á, nítorí pé àìsí ìfúnpọ̀ kò lè mú kí téèpù gba ohun tí ó kéré sí àyè gidi rẹ̀; ohun mìíràn ni ó ń jẹ àyè náà, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a wò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìyàtọ̀ kékeré kan tí ó máa ń da ìṣirò rú: àwọn tí ó ń ṣe téèpù ka gígábáìtì kan sí bílíọ̀nù kan báìtì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà ń kà á sí 1,073,741,824. Lójú irú ètò bẹ́ẹ̀, téèpù 20 GB yóò hàn bí 18.6, téèpù 100 GB yóò sì hàn bí 93. Kò sí ohun tí ó sọnù níbẹ̀.

Bí téèpù bá ń kún kí ó tó dé àyè gidi rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo irú téèpù tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ DDS-4 lè kọ sórí téèpù DDS-3, ṣùgbọ́n 12 GB ni téèpù yẹn yóò gbà. Ẹ̀rọ LTO-2 lè kọ sórí téèpù LTO àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n 100 GB ni yóò jẹ́, kì í ṣe 200. Téèpù DLT irú kẹrin gba 20 GB nínú DLT 4000, 35 GB nínú DLT 7000 àti 40 GB nínú DLT 8000, nítorí náà téèpù tí ẹ̀rọ àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sórí rẹ̀ lè máa bá ìwọ̀n àtijọ́ náà lọ bí a bá kàn ń fi nǹkan kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdọ̀tí. Bí ẹ̀rọ bá ti kọ nǹkan sórí téèpù ni ó máa ń kà á padà lójú ẹsẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó dúró dáadáa. Bí kò bá dúró, yóò tún un kọ síwájú sí i lórí téèpù, ibi tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí á sì ṣòfò. Orí ẹ̀rọ tí ó ti dọ̀tí, tàbí téèpù tí ó ti gbó, lè mú kí àtúnkọ yìí pọ̀ débi pé àyè púpọ̀ yóò lọ síbẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan tí ó hàn sí ẹni tí ó ń lò ó. Ẹ lo téèpù tí a ṣe fún nínu orí ẹ̀rọ mọ́, kí ẹ sì fi téèpù tuntun dán an wò kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀nà kejì, èyí tí téèpù ti kún ní àyè gidi rẹ̀. Ìdánwò kan wà tí ó máa ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ wá téèpù tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀, nítorí pé ìdánwò náà yóò pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. Lórí Linux, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ ṣe fáìlì kan tí kò ní àsọtúnsọ kankan nínú, kí ẹ fi í sórí díìsìkì pẹ̀lú àṣẹ dd if=/dev/urandom of=idanwo bs=64k count=16384; fáìlì náà yóò lé díẹ̀ ní gígábáìtì kan. Ẹ fi dd if=idanwo of=/dev/nst0 bs=64k gbé e lọ sórí téèpù, kí ẹ sì wo iye àkókò tí ó gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dd if=/dev/zero of=/dev/nst0 bs=64k count=16384 kọ iye kan náà, ṣùgbọ́n ní òdo nìkan, èyí tí ó rọrùn jù lọ láti fún pọ̀ láyé. Ẹ̀rọ DDS-4 ń kọ nǹkan bíi 3 MB sórí téèpù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà fáìlì àkọ́kọ́ yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí òdo bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìfúnpọ̀ ń ṣiṣẹ́, dátà yín ni kò ṣeé fún pọ̀, kò sì sí ohun tí ẹ lè tún ṣe lára ẹ̀rọ. Bí àkókò méjèèjì bá dọ́gba, ìfúnpọ̀ kò sí ní títàn.

Ìdánwò yìí ní ibi tí ó ti lè tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀rọ LTO-2, tí ó lè kọ tó 40 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lè yára ju díìsìkì inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tàbí wáyà SCSI tí ó so ẹ̀rọ téèpù mọ́ ọn lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn, fáìlì méjèèjì á sì gba àkókò kan náà bí ìfúnpọ̀ tilẹ̀ wà. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ẹ kọ òdo títí téèpù yóò fi kún, tàbí títí yóò fi kọjá àyè gidi rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba sùúrù.

Bí a bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìfúnpọ̀ kò sí ní títàn, ìbéèrè tí ó kù ni pé ta ni ó pa á. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó lè di súwíìṣì náà mú. Ọwọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DDS ní àwọn súwíìṣì kéékèèké lábẹ́ ikùn wọn, tí ó ń pinnu bóyá ìfúnpọ̀ yóò wà ní títàn nígbà tí iná bá dé, àti bóyá kọ̀ǹpútà ní àṣẹ láti yí i padà. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ àlòkù kò mọ bí ẹni tí ó ti lò ó tẹ́lẹ̀ ṣe tò wọ́n, ẹ̀rọ tí wọ́n sì ti tò pé kó má gba àṣẹ kọ̀ǹpútà kò ní dáhùn, bí a ti wù kí a pàṣẹ tó. Mo ti rí ẹni tí ó yí ètò ìpamọ́ padà ní ìgbà mẹ́ta nítorí súwíìṣì kan tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Lára ẹ̀rọ DLT 4000, bọ́tìnì kan wà níwájú tí a lè fi yan ìfúnpọ̀, pẹ̀lú iná kékeré tí ó ń fi ipò rẹ̀ hàn.

Ọwọ́ kejì ni ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà. Lórí Linux, àṣẹ mt -f /dev/nst0 compression 1 ni ó ń tan ìfúnpọ̀, compression 0 sì ń pa á. Bí mt bá fèsì pé òun kò mọ àṣẹ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ mt tí ó bá ètò mìíràn tí a ń pè ní cpio wá ni ó wà níbẹ̀, ẹ fi mt-st sórí kọ̀ǹpútà dípò rẹ̀. Àṣẹ tapeinfo, tí ó wà pẹ̀lú mtx, yóò sọ ipò tí ẹ̀rọ wà ní tòótọ́: DataCompCapable ń sọ bóyá ẹ̀rọ lè fún dátà pọ̀ rárá, DataCompEnabled sì ń sọ bóyá ó ń ṣe é báyìí. Ẹ wo àkọ́kọ́ kí ẹ tó bínú sí èkejì. Ohun tí ẹ bá fi mt tò lè parẹ́ nígbà tí a bá pa iná ẹ̀rọ, nítorí náà ó sàn kí a kọ ọ́ sínú fáìlì /etc/stinit.def kí stinit lè máa tún un tò. Lórí Solaris, tí òun náà jẹ́ ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, orúkọ tí a fi pe ẹ̀rọ ni ó ń yan ìfúnpọ̀: /dev/rmt/0cn ń fún dátà pọ̀, ṣùgbọ́n /dev/rmt/0ln ń pe ìwọ̀n tí ó kéré jù, ẹni tí kò sì fiyè sí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn lè máa wá àrùn tí kò sí.

Ọwọ́ kẹta ni ètò ìpamọ́ fúnra rẹ̀, òun ni ó sì sábà máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, nítorí pé ó máa ń rán àṣẹ tirẹ̀ sí ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. NTBackup, tí ó wà lórí Windows XP àti Windows Server 2003, ní àpótí kan tí a gbọ́dọ̀ fi àmì sí kí ìfúnpọ̀ inú ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́. Bí àpótí náà bá ṣú tí kò gba àmì, ètò náà gbà pé ẹ̀rọ kò lè fún dátà pọ̀, ó sì yẹ kí a padà lọ wo dírẹ́fà ẹ̀rọ téèpù (ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀) àti àwọn súwíìṣì abẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò ní gbà kí a yí ipò ìfúnpọ̀ padà láàárín téèpù, àfi bí a bá dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, nítorí náà ẹ má ṣe fi téèpù tí ó ti kún dé ìdajì dán àtúnṣe yín wò.

Àwọn ètò ìpamọ́ mìíràn tún ní ìfúnpọ̀ tiwọn, tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kí dátà tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí a tan méjèèjì pọ̀ kò mú kí àyè di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí kọ̀ǹpútà ti fún pọ̀ kò ní ohun tí ẹ̀rọ lè rí fún mọ́, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan sì lè mú kí ó tóbi díẹ̀ sí i, nítorí pé àmì tí wọ́n ń kọ gùn ju ohun tí ó dúró fún lọ. Àwọn ẹ̀rọ LTO gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà ìfúnpọ̀ wọn, tí a ń pè ní SLDC, máa ń fi dátà sílẹ̀ bí ó ṣe wà nígbà tí ó bá rí i pé òun kò lè dín in kù. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbó tí kò sì lágbára, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ téèpù ṣe iṣẹ́ náà. Bí dátà bá ń gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò yára kọjá, kí kọ̀ǹpútà tí dátà ti ń wá fún un pọ̀ ni ó lérè. Bákan náà ni ti fífi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti dátà: ohun tí a ti fi kọ́kọ́rọ́ tì dà bí ohun tí kò ní àsọtúnsọ rárá, nítorí náà bí kọ̀ǹpútà bá ti tì í kí ó tó rán an, ìfúnpọ̀ ẹ̀rọ ti di asán. Láti LTO-4 lọ ni ẹ̀rọ LTO ti lè ti dátà fúnra rẹ̀, ó sì máa ń kọ́kọ́ fún un pọ̀ kí ó tó tì í.

Ohun kan tí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ kì í sábà kíyè sí ni ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù, ìyẹn iye dátà tí a ń rán sí téèpù lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ń rán dátà sí téèpù ní wẹ́wẹ́, ìwọ̀n 512 báìtì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á máa lo àyè àti àkókò lórí àmì tí ó ya búlọ́ọ̀kù kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àṣẹ tar, tí a fi ń kó fáìlì jọ sórí téèpù, ń lo 10,240 báìtì bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un. Tar -b 128 yóò mú un dé 65,536. Ẹ kọ iye tí ẹ lò sí ara páálí téèpù, nítorí pé ẹ lè nílò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á padà.

Ìfúnpọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tún lè bí ìṣòro tirẹ̀. Bí dátà bá ń sún kì dé ìdajì, ẹ̀rọ nílò ìlọ́po méjì dátà láti ọwọ́ kọ̀ǹpútà kí téèpù má bàa dúró. Kọ̀ǹpútà tí kò lè bá a sáré yóò mú kí téèpù máa dúró, kí ó padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ó tún bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà púpọ̀. Ìró rẹ̀ máa ń jáde létí, bí ẹni tí ó ń nu bàtà. Iṣẹ́ á falẹ̀, téèpù àti orí ẹ̀rọ á máa jẹ, nínú àwọn ẹ̀rọ kan àyè á sì máa ṣòfò ní gbogbo ibi tí ó ti dúró. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìró yẹn tí ó sì pa ìfúnpọ̀ lè rí i pé iṣẹ́ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Pípa ìfúnpọ̀ kò ba téèpù àtijọ́ jẹ́. Nígbà tí a bá ń kọ nǹkan nìkan ni súwíìṣì náà ń ṣiṣẹ́. Nígbà kíkà, ẹ̀rọ máa ń mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá a ti fún dátà pọ̀, yóò sì tú u bí ó bá yẹ. Ibi tí ewu wà ni kí a gbé téèpù tí a fún pọ̀ lọ sínú ẹ̀rọ tí kò ní ìmọ̀ ìfúnpọ̀ rárá, bíi àwọn ẹ̀rọ DDS àkọ́kọ́ tí ó ti jáde kí ìfúnpọ̀ tó wọ inú wọn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè tú dátà náà, bí téèpù tilẹ̀ wọ inú rẹ̀ wẹ́kú.